Ẹ Mọ Iye Rẹ̀ Kí Ọmọ Tó Buwọ́ Lù Ú

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Katy, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, bàbá ọmọ ń wa tírélà. Àkọ́bí wọn, obìnrin, máa wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní 2027, ó sì wà lára àwọn tó mókè jù ní kíláàsì rẹ̀. Yunifásítì Brown ló gbà á lọ́kàn, nítorí ètò ọlọ́dún mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní PLME, tí ọmọ fi ń gba àyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àti ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Olùdámọ̀ràn ilé-ìwé rẹ̀ ní kó lo Early Decision, pé àǹfààní rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́ta. Bàbá ọmọ fárígá, ó ní òun ò ní buwọ́ lu ìwé tí òun ò tíì rí iye owó inú rẹ̀. Àbúrò ọmọ náà ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Ìyá wá bi mí pé: “Ṣé ká jẹ́ kó fi Early Decision so ara rẹ̀ mọ́ Brown, àbí ká lo Early Action tí kò deni níbòmíràn, ká wá fi Brown sí Regular, àkókò tí gbogbo èèyàn ń béèrè?”

Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ọmọ ló jàre, ó kéré tán títí di òní. Iye owó kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò, ẹ ò sì tíì mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dá lórí iye yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú ìwé náà gan-an, torí ọ̀pọ̀ òbí ló ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọmọ láì tíì fojú kàn án. Nínú Early Decision, ọmọ yan ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, wọ́n á fèsì láàárín oṣù Kejìlá, bí wọ́n bá sì gbà á, ibẹ̀ ló ń lọ nìyẹn. Gbogbo fọ́ọ̀mù tó ti fi síbòmíràn, ó gbọ́dọ̀ lọ gbà á padà. Ẹni mẹ́ta ló ń buwọ́ lù ú: ọmọ, òbí kan, àti olùdámọ̀ràn ilé-ìwé. Early Action náà ní ìyára tirẹ̀, àkókò kan náà ni wọ́n jọ ń gba fọ́ọ̀mù, àmọ́ ọmọ tí wọ́n gbà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè èsì títí di ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, lẹ́tà owó ìrànwọ́ láti oríṣiríṣi ilé-ẹ̀kọ́ á ti dé ọwọ́ yín, ẹ ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ẹ ó fi wọ́n wéra.

Àwa tá a gba JAMB kọjá máa ń fi ojú first choice wo Early Decision. Kò jọ ọ́ rárá. Ọmọ lè yí first choice rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá sì fún un ní àyè tí kò wù ú, ó lè kọ̀ ọ́ lórí CAPS, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Èyí tí ẹ ń bi mí yìí, ọmọ ti gbà kí wọ́n tó gbà á.

Ìdí tí ilé-ẹ̀kọ́ fi fẹ́ràn rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tí wọ́n bá gbà lọ́nà yìí dájú pé yóò wá. Wọn kò ní máa ṣírò iye ọmọ tí Duke tàbí Cornell máa já gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, bíi ìdajì kíláàsì tuntun ló ti kún kí ọdún tó yí. Ó sì ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń sọ pé ọmọ ẹni tí kò bẹ̀rù iye owó ni ètò náà ń ṣe lóore. Yale àti Stanford pa á tì ní 2002, wọ́n bọ́ sí èyí tí kò deni. Ní 2006, Harvard àti Princeton kéde pé àwọn ò ní gba fọ́ọ̀mù kankan ṣáájú àkókò mọ́. Ní 2011 wọ́n mú un padà, àmọ́ wọn ò dá ìdè padà sí i. Virginia Tech fi Early Decision sílẹ̀ ní 2023. Brown kò fi sílẹ̀ ní tirẹ̀, kò sì ní Early Action. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀nà méjì péré ló wà fún ọmọ yín níbẹ̀: kó de ara rẹ̀, tàbí kó dúró de Regular.

Ní báyìí, PLME, torí mo fura pé ẹnikẹ́ni ò tíì sọ èyí fún yín. Early Decision kò so PLME mọ́ ọmọ yín. Ọmọ yín ló ń so ara rẹ̀ mọ́ Brown. Bí Brown bá gbà á tí PLME kò gbà á, ó di dandan kó ṣì lọ sí Brown, ìdè ò já. Ọmọ díẹ̀ gan-an sì ni PLME ń mú nínú àwọn tó béèrè. Ẹni tí kò bá rí i gbà á wá ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì ọdún mẹ́rin bíi ti gbogbo ayé, á kọ MCAT, ìdánwò àbáwọlé ìṣègùn, á sì tún máa wá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kiri. Nítorí náà ìbéèrè kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ọmọ yìí: “Bí kò bá sí PLME níbẹ̀ rárá, ṣé Brown ṣì ni?” Ẹ má bi í nígbà tí ẹ jọ ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo ilé wà nínú ọkọ̀. Ẹ bi í nígbà tó bá lè sọ “rárá” láìsí pé ojú ń tì í. Bó bá ní “rárá”, ọ̀rọ̀ Early Decision ti parí, ẹ ò tiẹ̀ nílò ìyókù lẹ́tà yìí àyàfi ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ Texas.

Ọ̀ràn kejì lórí PLME ni pé owó ìrànwọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá fún un, ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ló wà fún. Ọdún mẹ́rin ìkẹyìn, iye ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni wọ́n ń gbà, ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ mìíràn ni ẹ ó sì bá sọ̀rọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2025 sì ti fi ààlà sí ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀: láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2026, ẹni tuntun tó ń kọ́ ìṣègùn kò lè yá ju 50,000 dọ́là lọ́dún, àròpọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá 200,000. Ẹ̀yáwó Grad PLUS tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń dí àlàfo tẹ́lẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ fún ẹni tuntun. Bí owó kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ti gbẹ yín tán kó tó dé ọdún karùn-ún, kò sí ibi tí ẹ ó tún yà sí.

“Ìlọ́po mẹ́ta” tí olùdámọ̀ràn sọ ńkọ́? Mo mọ ibi tó ti rí i. Nínú àwọn tó fẹ́ wọ Brown ní 2024, ọmọ 6,244 ló béèrè nípasẹ̀ Early Decision, wọ́n gbà 898, ìyẹn bíi 14 nínú 100. Lápapọ̀, 48,881 ló béèrè, wọ́n gbà 2,521, bíi 5 nínú 100. Tí a bá yọ ti Early Decision kúrò, bíi 4 nínú 100 ló kù fún àwọn yòókù. Ìṣirò náà tọ̀nà, àní ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ẹ wá wo àwọn tó wà nínú 14 yẹn. Àwọn eléré ìdárayá wà níbẹ̀ tí kóòṣì ti yàn tán láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ivy League, ẹgbẹ́ tí Brown wà nínú rẹ̀, kì í fún eléré ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré, Early Decision ni kóòṣì fi ń mú wọn dúró. Àwọn ọmọ ẹni tó ti kàwé níbẹ̀ rí wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí ilé-ìwé aládàáni wọn ti ń múra wọn sílẹ̀ láti kíláàsì kẹsàn-án pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ yín kò sí nínú ìkankan.

Ẹ fi MIT wò ó. MIT kì í wò ó bóyá òbí ọmọ kàwé níbẹ̀, Early Action rẹ̀ kò sì deni. Ní ọdún kan náà, 661 ló gbà nínú 12,563 tó tètè béèrè, bíi 5.3 nínú 100. Lápapọ̀ ó gbà bíi 4.5. Ìyàtọ̀ náà nìyẹn níbi tí kò ti sí ìdè àti àwọn nǹkan yòókù. Èmi ò sọ pé Early Decision kò ní ṣe ọmọ yín lóore ní Brown. Yóò ṣe é lóore díẹ̀, torí ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ràn ẹni tó dájú. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá mú “ìlọ́po mẹ́ta” wá bá yín, ẹ bi í pé ìlọ́po mẹ́ta fún ta ni.

Ó kan owó wàyí, ibẹ̀ sì ni màá ti pẹ́ díẹ̀.

Brown kò fi ẹ̀yáwó sínú owó ìrànwọ́ rẹ̀ láti 2018, ó sì ṣèlérí pé òun á dí gbogbo àlàfo tí òun bá rí. Òun bá rí, ẹ gbọ́? Ìṣirò tiwọn ló ń sọ iye tí ẹ lè san, kì í ṣe tiyín. Ẹbí tí owó tó ń wọlé fún kò tó 125,000 lọ́dún, tí dúkìá wọn kò sì pọ̀ jù, kì í san owó ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ẹ sọ fún mi pé 172,000 ló wọlé fún yín ní 2025, nítorí ófátáìmù. Gbogbo ìnáwó Brown fún ọdún kan ti kọjá 90,000. Àárín méjèèjì yìí ni ẹ wà: owó yín pọ̀ ju ti ẹni tí wọ́n máa gbé gbogbo rẹ̀ fún, kò sì tó ti ẹni tó lè kọ ṣẹ́ẹ̀kì láìwẹ̀yìn. Àwọn tó wà láàárín yìí ni Early Decision léwu fún jù, torí àwọn ni èsì ìṣirò lè yàtọ̀ fún pẹ̀lú 15,000 tàbí 20,000 dọ́là lọ́dún láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí èkejì.

Ẹ jókòó nílé ìdáná ní ọjọ́ tí ẹ ò ní iṣẹ́, kẹ́ ẹ kó W-2, ìwé owó iṣẹ́ ọdún, ti ẹ̀yin méjèèjì jáde, fọ́ọ̀mù owó orí 1040 ti 2025, àti ìwé àkáǹtì. Kẹ́ ẹ tó ṣí nǹkan kan, ẹ kọ iye tí ẹ lè san lọ́dún láìyáwó sórí bébà kan. Ẹ ti sọ ọ́ fún mi: 30,000. Ẹ fi bébà náà síbi tí ojú yín á ti máa tó o. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ojú ewé Brown, ẹ wá Net Price Calculator, ẹ̀rọ tó ń ṣírò iye tí ẹbí yín máa san gan-an. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti mú un ní dandan fún gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì láti 2011, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìdáhùn rẹ̀ á dára tó bí ohun tí ẹ bá kọ sínú rẹ̀ bá ṣe jẹ́ òótọ́ tó, ibẹ̀ sì ni àwọn ará wa ti máa ń ṣì í.

Ẹ wo àpótí 12 lórí W-2 tiyín. Nọ́ọ̀sì tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù sábà máa ń rí lẹ́tà E níbẹ̀: owó 403(b) ni, èyí tí ẹ ń fi pamọ́ fún ọjọ́ ogbó. Owó yìí kò sí nínú AGI, àròpọ̀ owó tó wọlé tó wà lórí 1040 yín, ẹ lè rò pé wọn ò mọ̀ ọ́n. CSS Profile, fọ́ọ̀mù tí Brown àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò, máa ń béèrè rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì máa ń kà á mọ́ owó tó wọlé lọ́dún náà.

Ilé tí ẹ ń kọ́ sí Ìkòròdú ńkọ́? FAFSA, fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ti ìjọba àpapọ̀, kò béèrè ilé tí ẹ ń gbé, àmọ́ ó béèrè iye gbogbo ilé àti ilẹ̀ mìíràn tí ẹ ní, kò sì sọ pé Amẹ́ríkà nìkan. CSS Profile béèrè tilé tòkèèrè. Mo mọ̀ pé ẹni kan nínú ẹgbẹ́ yín á ti ní kẹ́ ẹ má kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́. Àmọ́ iye tí ẹlòmíràn lè rà á lónìí ni kẹ́ ẹ kọ, kì í ṣe iye dọ́là tí ẹ ti rán láti ọdún yìí wá. Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi 360 náírà. Lẹ́yìn oṣù Kẹfà 2023 ó fò, kò sì sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Ilé tí kò tíì ní òrùlé, tí ẹ ti ná 40,000 dọ́là lé lórí, lè má ju 18,000 lọ lọ́jà òní. Ẹ ní kí ẹnì kan tó mọ ọjà ilẹ̀ níbẹ̀ kọ iye rẹ̀ sórí ìwé fún yín, kẹ́ ẹ sì fi pamọ́.

Àjọ náà tún wà. Ẹ ní ẹ̀yin ni ẹ ń gba owó ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì jọ. Fọ́ọ̀mù máa béèrè iye tó wà nínú àkáǹtì yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kọ ọ́. Ẹ má jókòó ti FAFSA ní ọjọ́ tí owó èèyàn méjìlá wà lọ́dọ̀ yín kí wọ́n tó pín in. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún àjọ, kí àkọsílẹ̀ sì wà tó ń fi hàn pé owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni.

Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí Màmá ní Ìjẹ̀bú lóṣooṣù kò ní àyè tirẹ̀ nínú ìṣirò. Ibì kan wà ní ìparí CSS Profile tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣàlàyé ohunkóhun tí fọ́ọ̀mù kò béèrè. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́, pẹ̀lú iye rẹ̀ lọ́dún àti ìwé ẹ̀rí ilé iṣẹ́ tí ẹ fi ń rán an. Ẹ sọ ti ófátáìmù náà níbẹ̀. Ọmọ tó máa wọlé ní 2027, owó ọdún 2025 ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Bí ófátáìmù bá ti dín kù ní 2026, ẹ fi ìwé owó oṣù yín tuntun hàn wọ́n. Àwọn kan máa ń gbọ́, àwọn kan kì í gbọ́. Ti àbúrò rẹ̀: ìjọba àpapọ̀ kò pín owó òbí sí méjì mọ́ nítorí pé ọmọ méjì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lo CSS ṣì ń rò ó mọ́ ọn. Láti 2029, ọdún méjì ni àwọn ọmọ yín á fi wà níbẹ̀ pa pọ̀. Ẹ bi Brown ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjì yẹn kí ọmọ tó buwọ́ lùwé.

Ẹ máa bi wọ́n ni, torí ẹ ò gbọdọ̀ dúró lórí ohun tí ẹ̀rọ bá sọ. Ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́, ẹ so èsì Net Price Calculator mọ́ ọn, kẹ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n lè wo ọ̀ràn yín kí ọjọ́ Early Decision tó pé. Ibòmíràn á fún yín ní iye tó súnmọ́ ọn. Ibòmíràn á kọ lẹ́tà aláwọ̀ dídán tí kò sọ nǹkan kan. Èyí tí wọn ò bá fẹ́ sọ nígbà tí wọ́n ṣì ń wá ọmọ yín, kí lẹ rò pé wọ́n máa sọ lẹ́yìn tó bá ti di tiwọn?

Bí iye tó bá jáde bá jẹ́ 30,000 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, tí ọmọ sì ti sọ fún yín pé Brown ni bí PLME ò tiẹ̀ sí, ẹ jẹ́ kó buwọ́ lù ú, èmi náà á bá yín yọ̀. Bó bá jẹ́ 34,000 tàbí 35,000, ẹ̀yáwó ìjọba tí ọmọ fúnra rẹ̀ lè gbà ní ọdún àkọ́kọ́, 5,500, á dí i. Àmọ́ ẹ ronú sí gbèsè tó ń bọ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà. Bó bá ju ìyẹn lọ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ó gba Parent PLUS, ẹ̀yáwó ìjọba fún òbí. Láti oṣù Keje 2026, òbí tuntun kò lè yá ju 20,000 lọ́dún lórí ọmọ kan, gbogbo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá 65,000. Ẹni tó bá ń yá 20,000 lọ́dún á ti kan ògiri kí ọmọ tó parí ọdún kẹrin.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún yín pé tí owó ò bá tó, Brown máa tú u sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ìwé àdéhùn Common App, fọ́ọ̀mù kan tí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì jọ ń lò, fúnra rẹ̀ sọ pé ọmọ tí owó ìrànwọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó ṣeé ṣe fún un láti lọ lè kọ àyè náà, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀. Kò sí kóòtù tó máa fa ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Lẹ́tà á dé láàárín oṣù Kejìlá, ọmọ á ti pariwo, ọmọ ìyá yín ní London á ti pè, pásítọ̀ á ti kéde rẹ̀. Ìyá wo ló máa wá dìde ní ọ̀sẹ̀ Kérésì sọ fún un pé kò lè lọ mọ́ nítorí 9,000 dọ́là? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti buwọ́ lu gbèsè. Kò sì sí lẹ́tà mìíràn lọ́wọ́ yín tí ẹ máa fi hàn Brown pé ibòmíràn ṣe jù báyìí lọ. Bí ó bá tilẹ̀ wáyé, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n tún ìṣirò náà wò, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ yòókù padà kí lẹ́tà owó tó dé. Àdéhùn fún ẹni tó béèrè owó ìrànwọ́ láyè yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ ò sì mọ̀.

Kí ni kó wá ṣe bí ẹ ò bá dè é? Texas lẹ wà, kẹ́ ẹ dúpẹ́. UT Austin, yunifásítì ìjọba Texas, ní Early Action báyìí, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń parí, èsì á dé kí oṣù Kìíní tó dé ìdajì. Láti ọ̀dọ̀ àwọn tó wọlé ní 2026, ọmọ tó bá wà nínú ìdá 5 nínú 100 tó mókè ní ilé-ìwé girama Texas ní àyè níbẹ̀ lọ́nà òfin. Yunifásítì ni òfin fún un o, kò fún un ní ẹ̀kọ́ pàtó tó fẹ́, nítorí náà kó kọ àròkọ rẹ̀ dáadáa. Gbogbo ìnáwó ibẹ̀ fún ọmọ Texas lé díẹ̀ ní 30,000 lọ́dún, kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó bóyá kó fi Early Action sí MIT, tàbí kó lo èyí tí kò deni àmọ́ tó ní ààlà ní Harvard, Yale, Princeton tàbí Stanford. Ààlà wọn ni pé kò gbọdọ̀ tètè béèrè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni mìíràn. UT Austin kò sí lára ohun tí wọ́n kọ̀. Ìdí tí mo fi dárúkọ wọn ni owó: láti 2025, ẹbí tí owó tó ń wọlé fún kò kọjá 200,000, tí dúkìá rẹ̀ kò pọ̀ jù, kì í san owó ẹ̀kọ́ ní Harvard, bẹ́ẹ̀ náà ni MIT. Ẹ̀yin tí ẹ ní 172,000 wà nínú ìyẹn. Ó ṣòro láti wọ ibẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n wọn ò béèrè ìdè kankan lọ́wọ́ ọmọ. Yunifásítì Rice tí ẹ lè wakọ̀ dé láti ilé kéde irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 2018, wọ́n sì ti gbé ààlà owó rẹ̀ sókè láti ìgbà náà. Iye tó wà lójú ewé wọn lónìí ni kẹ́ ẹ lò. Brown á wá wà nínú Regular, PLME sì ń gba fọ́ọ̀mù níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ ní ọmọ àǹtí yín ní Ìbàdàn náà fẹ́ béèrè. Ti ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tí kò sì ní gíríìnkáàdì yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, bí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè bá béèrè owó, ó ń dín àǹfààní rẹ̀ kù. Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst kì í wo ìyẹn. Dartmouth àti Bowdoin dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2022. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín tí owó tó ń wọlé fún kò tó 65,000, QuestBridge, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ tí ẹbí rẹ̀ kò lówó púpọ̀, ni kó wò kó tó wo Early Decision kankan, ìparí oṣù Kẹsàn-án ni fọ́ọ̀mù náà sábà máa ń parí.

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ni pé bó bá lo Early Decision ní Brown tí wọn ò gbà á, ṣé kó lo Early Decision kejì tí àwọn bíi Vanderbilt, Emory àti Johns Hopkins ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní. Bí Brown bá kàn sún un sí Regular, ìdè ti já, ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré ló wà láàárín èsì Brown àti ọjọ́ kejì yẹn, ìbànújẹ́ ló sì máa ń yan ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ ní àkókò náà. Bí ẹ bá fẹ́ kó ní àyè yẹn, ẹ ṣe Net Price Calculator ti ilé-ẹ̀kọ́ kejì náà ní oṣù Kẹsàn-án kan náà, lórí tábìlì kan náà, pẹ̀lú 30,000 yẹn níwájú yín. Èyí tí ẹ ò bá ṣe ìṣirò rẹ̀ nígbà náà, ẹ má jẹ́ kó buwọ́ lù ú ní oṣù Kìíní.